Ìdọ̀tí Tó Lọ Kí Àna

Bí òjò bá ṣú ní àdúgbò wa ní Ayétòrò nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kì í ṣe aṣọ orí okùn la kọ́kọ́ ń sáré ká. Ìdọ̀tí la kọ́kọ́ ń sáré gbé. Atẹ́gùn á gbé òórùn erùpẹ̀ pupa dé, á sì kó òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi ní Ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, òórùn tí àlejò máa ń torí ẹ̀ dimú, tí àwa ọmọ ibẹ̀ kì í tilẹ̀ kà sí òórùn mọ́. Kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó kan páànù, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé á ti máa dún gbàgà-gbàgà, garawa á máa dún, ìyá kan á máa pariwo lójúlé kejì pé, "Ẹ ṣe kíá o, àgbàrá ò ní dúró dè yín!" Èèpo ẹ̀gẹ́, eérú, bàtà tó já, ike ọṣẹ, láílọ́ọ̀nù piọ́wọ́tà, gbogbo ohun tí ilé ti kó jọ látìgbà tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn, gọ́tà la ó dà á sí. Omi pupa á gbé e, á máa yí i lọ, àwa ọmọdé á sì máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má wulẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ta ni nínú yín tí kò gbé garawa ìdọ̀tí sáré nínú òjò rí? Bàbá mi a máa sọ pé òjò ni wolé-wolé tí Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ gbà síṣẹ́, pé kì í gba rìbá, kì í sì í jókòó jẹun lọ́dọ̀ ẹni tó wá bá wí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé àwọn wolé-wolé ti ìjọba, tí wọ́n ń wá wo ìmọ́tótó ilé ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, kì í kúrò nílé wa láìjẹ ẹ̀bà. Níléèwé ńkọ́? Olùkọ́ wa kọ́ wa lórin ìmọ́tótó títí ọ̀fun wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ a ó ṣa gbogbo ìwé àti láílọ́ọ̀nù inú ọgbà, ilẹ̀ á mọ́ tónítóní, a ó wá kó o lọ dà sí gọ́tà tó wà lẹ́yìn ògiri. Ọgbà mọ́, ó tán. Ibi tí àgbàrá ń gbé e lọ, kò sẹ́ni tó béèrè. Ó ṣáà lọ ni.

Aṣọ òkìríkà ni bàbá mi ń tà. Owódé ló ti ń ra ẹrù, àwọn bẹ́ẹ̀lì ńlá-ńlá tó ti Kútọnu wọlé, tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù funfun tó le bí awọ dì, tí wọ́n sì kọ Faransé gàdàgbà sí lára. Kò sẹ́ni tó lè ka ohun tí wọ́n kọ. Àmọ́ bàbá mi, tó jẹ́ pé "bọ́njúù" àti "mẹ̀sí" ni gbogbo Faransé tó gbọ́ láyé, a máa fi ìka tọ́ ọ fún oníbàárà pé, "Ẹ wò ó, ojúlówó ẹrù ni wọ́n kọ síbí yìí." Bí aṣọ bá tà tán, láílọ́ọ̀nù á kù. Bí ẹ bá dáná sun ún, èéfín rẹ̀ á lé gbogbo ilé síta. Nítorí náà, òjò ló ń bá bàbá mi gbé e. Ìyá mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á káwọ́ sẹ́yìn, á forúkọ mi pè é, á ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀ o." Bàbá mi á ní, "Eérú kọ́ nìyí, láílọ́ọ̀nù ni."

Òkè nilé wa wà. Ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìsàlẹ̀, ń gbé nísàlẹ̀ níbi tí ọ̀nà dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sí. Nígbà tí ìyá mi wà lọ́mọge, igbó ló wà láàárín ibi méjèèjì. Eérú àti èèpo ni ìdọ̀tí ayé ìgbà náà, ewúrẹ́ ń jẹ díẹ̀, igbó ń gba ìyókù. Nígbà tó yá, ìlú ń fẹ̀, wọ́n kọ́lé sórí igbó, wọ́n gbẹ́ gọ́tà wá láti òkè, gọ́tà náà sì gba abẹ́ afárá kékeré kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Màmá. Kànga kan wà nínú agbàlá rẹ̀ tí bàbá ọkọ rẹ̀ gbẹ́, omi inú rẹ̀ tutù, ó sì mọ́ gaara. Omi yẹn ni Màmá fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ tó fi ń ṣe fùfú tà, òun náà ni gbogbo Ìsàlẹ̀ ń pọn mu. Bí mo bá ti kúrò níléèwé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń yà sí. Á bu omi fún mi, á jókòó tì mí títí n ó fi mu ún tán, á wá bi mí pé, "Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?" Kò sí ẹlòmíràn láyé yìí nígbà náà tó ń bi mí ní ìbéèrè yẹn, tó sì ń dúró gbọ́ èsì.

Ní ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, òjò ńlá kan rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí. Bàbá mi ti tú bẹ́ẹ̀lì lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì ti fi tayọ̀tayọ̀ kó láílọ́ọ̀nù wọn fún wolé-wolé Ọlọ́run. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi ní kí a sọ̀ kalẹ̀ lọ wo Màmá. Kí a tó débẹ̀ ni òórùn kan ti pàdé wa, kì í sì í ṣe ti ẹ̀gẹ́. Háà! Láílọ́ọ̀nù funfun ńlá kan ti na ara rẹ̀ dí ẹnu afárá, ìdọ̀tí gbogbo ará òkè sì ti gbára jọ sẹ́yìn rẹ̀. Omi tí kò rọ́nà lọ mọ́ ti yà wọ agbàlá. Ìkòkò ẹ̀gẹ́ ti dà sílẹ̀ káàkiri. Nínú kànga, ike ọṣẹ ń léfòó pẹ̀lú òkú adìyẹ kan.

Màmá Ìsàlẹ̀ jókòó sórí àpótí, kò sunkún, kò ṣépè. Ó kàn ń wo láílọ́ọ̀nù náà àti Faransé ara rẹ̀. Ní gbogbo apá ìlú tiwa, ẹnì kan ṣoṣo ló ń tú bẹ́ẹ̀lì. Ìyá mi wò ó, ó fi etí gèlè bojú. "Yéè! Ojú gbà mí tì," ni gbogbo ohun tó lè sọ.

Ẹlòmíràn ì bá ti fi ariwo gòkè wá bá wa lọ́jọ́ náà gan-an. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ tiwa, ìyá ìyàwó kì í bá ọkọ ọmọ rẹ̀ jà ní gbangba. Màmá yọ láílọ́ọ̀nù yẹn lẹ́nu afárá, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sá a gbẹ, ó ṣẹ́ ẹ mọ́ra wẹ́rẹ́ bí ẹni ń ká aṣọ ìyàwó, ó sì dì í sínú ìborùn tó mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, bàbá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó síwájú ilé, wọ́n ń ta ayò, ẹ̀rín wọn ń dún dé ìta. Àfi bí Màmá Ìsàlẹ̀ ṣe yọ pẹ̀lú ìdì lórí. Bàbá mi da ọmọ ayò sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dìde, àna mi, ẹ dìde," ni Màmá wí. "Ẹrù yín ni mo gbé wá. Omi ló gbé e wá kí mi. Mo ní bóyá ẹ ti ń wá a."

Bàbá mi tú ìdì náà. Láílọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀lì ni, ó sì mọ́ ju ìgbà tó ti Kútọnu dé lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Màmá tún wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Bàbá mi padà sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ní kó dìde kíá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín láìpẹ́ wá ń wo ojú ọ̀run bí ẹni pé òjò tún fẹ́ rọ̀. Ìyá mi sá wọlé, mo sì tẹ̀lé e. Mo rò pé ẹkún ló fẹ́ lọ sun. Ẹ̀rín ni, ó fi ìrọ̀rí bo ẹnu.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí a ń pè ní Bàbá Owódé nítorí pé Owódé ló ti ń ta ìrẹsì, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó wá. Ó yọjú sínú kànga, ó sì fa ojú ro. Ó kó gbogbo wa jọ sí yàrá Màmá, bàbá mi náà jókòó sí kọ̀rọ̀, kò lè gbójú sókè. Bàbá Owódé ní, "Màmá, ẹ máa palẹ̀ ẹrù yín mọ́. Omi ẹ̀rọ wà nílé mi. Bí òjò àrọ̀kúrò bá ti bẹ̀rẹ̀, n ó wá gbé yín. Mi ò ní jẹ́ kí ìdọ̀tí pa ìyá mi."

Mo rò pé Màmá á kọ̀. Kò kọ̀. Ó ní, "Omi ló ń lé mi, ọmọ mi. Ta ní í bá omi jà?"

Ìyá mi kò fi ìyẹn sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un." Màmá mirí, ó ní òun ti dàgbà ju ẹni tí í máa ti àgbàrá sẹ́yìn lọ.

Inú mi bàjẹ́. Kí n sòótọ́, mi ò tíì ní ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ọmọdé tí wọ́n máa gbé ìyá rẹ̀ àgbà lọ, ẹ ò lè ṣàlàyé fún un pé mọ́tò ń lọ Owódé lójoojúmọ́. Mo bínú sí bàbá mi débi pé mi ò kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn lè dá sílẹ̀ nílé Yorùbá. Ó wò mí. Mo ń retí ìfọ́tí. Ọkọ́ ló mú, ó jáde.

Ní gbogbo àsìkò tí òjò fi dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹjọ, bàbá mi di lébìrà. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ayò rẹ̀ gbọ́n omi kànga Màmá tán, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì mọ ẹnu rẹ̀ ga. Ó gbẹ́ kòtò ìdọ̀tí sẹ́yìn ilé wa. Láílọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀lì, ó ń pín in fún àwọn tó ń sá làfún láti tẹ́ sílẹ̀. Ó wá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má da ìdọ̀tí sí gọ́tà mọ́. Gbogbo wọn ń ní, "A ti gbọ́ o, Bàbá," bí àwọn ará ìlú wa ti í sọ ọ́ bí wọn ò bá ní ṣe é. Ìyá Sìkírù nìkan, tó ń yan ẹja tà ní ìta kejì sí tiwa, tí kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú, ló dá a lóhùn dáadáa.

"Nígbà tí láílọ́ọ̀nù tiyín ń ṣàn, ṣé ẹnì kan ní kí ẹ dá a dúró? Àfìgbà tó wá kan ìyá ìyàwó yín ni gọ́tà wá di ohun ọ̀wọ̀!"

Bàbá mi tẹrí ba, ó kọjá sí ojúlé tó kàn.

Àrọ̀kúrò dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tilé ìwé dé. Ojú ọ̀run dúdú, atẹ́gùn gbé òórùn erùpẹ̀ wá, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgà-gbàgà. Mo mọ̀ pé òjò yìí ni Bàbá Owódé ń dúró dè. Bàbá mi ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, ó mú agbòjò, ó jáde, ó bọ́ sínú gọ́tà, ó sì dúró síbẹ̀.

"Bàbá Àbẹ̀kẹ́," ni ìyá mi kígbe láti ojú fèrèsé, "ṣé orí yín pé báyìí?"

Omi ń ga, ó ti dé kókósẹ̀, ó ń lọ sí orúnkún. Àwọn ọmọ àdúgbò wá ń tú jáde tàwọn ti garawa lórí. Wọ́n rí àgbàlagbà nínú gọ́tà. Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ yóò ṣe? Wọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ìdọ̀tí lórí. "Ẹ kú ìdúró o, Bàbá."

"Ọlọ́run á wò yín dàgbà," ni bàbá mi ń dáhùn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. "Ẹ gbé e padà sílé."

Ibi tí ó ti rí wọn mú nìyẹn. Ará àdúgbò wa lè da ìdọ̀tí sọ́nà, wọ́n lè dà á sínú kànga ẹlòmíràn láìmọ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó lè da ìdọ̀tí sí àgbà lẹ́sẹ̀ lójúkojú. Àwọn ọmọ padà sílé, wọ́n rán àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, àwọn ẹ̀gbọ́n dé, àwọn náà kúnlẹ̀, wọ́n padà. Níkẹyìn, Ìyá Sìkírù fúnra rẹ̀ jáde, ó gbé abọ́ ńlá tó kún fún ìfun ẹja.

"Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ yà fún mi."

"Ẹ máa dà á, Ìyá Sìkírù. Ẹ dà á sí mi lẹ́sẹ̀."

Ìyá Sìkírù gbé abọ́ sókè. Gbogbo ojú fèrèsé ló ti kún. Ó wo bàbá mi, ó wo ìfun ẹja, ó wo àwa tí à ń wò ó. Ó sọ abọ́ kalẹ̀. "Kí wọ́n lè máa sọ lẹ́yìn mi pé mo da ìfun ẹja lu àgbàlagbà? Ẹ ò ní rí mi mú síbẹ̀! Ó dáa, níbo ni kí n dà á sí, ṣé orí mi ni?"

"Kòtò wà lẹ́yìn ilé mi."

"Bí ó bá kún ńkọ́?"

"N ó gbẹ́ òmíràn."

"Ẹ ó gbẹ́ ẹ títí ẹ ó fi kan Kútọnu!" Àmọ́ ó gbé abọ́ rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé wa lọ.

Ẹnu èyí la wà tí mọ́tò Bàbá Owódé fi yọ. Ó ṣí gíláàsì, ó rí ọkọ àbúrò rẹ̀ nínú gọ́tà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó, àna náà ni, bàbá mi ò sì jẹ́ kí òjò gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ òun. Ó dọ̀bálẹ̀. Nínú àgbàrá! Agbòjò fò lọ, omi bò ó dé etí, fìlà rẹ̀ ń bá omi lọ sí Ìsàlẹ̀. Bàbá Owódé fò sílẹ̀ tàwọn ti bàtà awọ rẹ̀, ó ń pariwo, "Ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!" Òun àti Ìyá Sìkírù ni wọ́n jọ fà á jáde. Ẹ̀rín tí àdúgbò rín lọ́jọ́ náà, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé Ọjà-Ọ̀dàn.

A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ Màmá. Ẹrù rẹ̀ ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn nínú àpò. Omi gọ́tà pọ́n, ó ń ru, àmọ́ ó ń gba abẹ́ afárá kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, agbàlá sì gbẹ dé ibi tí ó yẹ kó gbẹ dé. Màmá wo bàbá mi tí omi ń ro lára rẹ̀ tó-tó-tó. "Kí ló ṣe yín?"

Àwọn àgbà ń wojú ara wọn. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Bàbá dúró sínú gọ́tà kí ìdọ̀tí má bàa dé ọ̀dọ̀ yín."

Màmá yíjú sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. "Bá mi gbé ẹrù yìí padà sí yàrá. Ẹni tó lè wọ gọ́tà nítorí mi, kò yẹ kí n sá fún un." Mo dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, mo bú sẹ́kún. Mo sì lọ dì mọ́ bàbá mi náà, pẹ̀lú bó ṣe ń rùn.

Ìlú wa ò tìtorí ìyẹn di ọ̀run. Kò sẹ́ni tó tún mu omi kànga yẹn láìsè é mọ́. Òtútù mú bàbá mi, ó sì fi í jẹ ata adìyẹ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, bí ìyá mi bá ní ara rẹ̀ ti yá, á wúkọ́. Ó tún wọ gọ́tà nínú òjò mìíràn, àti mìíràn, títí àwọn èèyàn fi gbẹ́ kòtò tiwọn tí wọ́n sì jọ gba ọlọ́mọlanke kan tó ń bá wọn kó ìyókù lọ. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Wolé-wolé Inú Omi, ó sì ń jẹ́ ẹ. Màmá Ìsàlẹ̀ wà nílé rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé, mo ti wọ ilé ìwé gíga nígbà náà, ó ṣì ń bi mí ní ohun tí wọ́n kọ́ mi.

Ìlàró ni mo ń gbé báyìí, ní àdúgbò tuntun tí ògiri ilé kálukú ga ju orí ẹni lọ. A ní ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ onílé sì ní ojúlé lórí wọ́sáàpù. Bí òjò bá ṣú, mo máa ń gbọ́ géètì tó ń ṣí, mo máa ń gbọ́ ìró ohun tí wọ́n ń dà. Mo máa ń ya fọ́tò, n ó fi ránṣẹ́, n ó kọ ìwàásù gígùn nípa àrùn àti ìkún omi. Wọ́n á fi àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ dá mi lóhùn, ó parí. Ọmọ tó ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé ìdọ̀tí ní Ayétòrò kò mọ ìdajì ohun tí mo mọ̀ lónìí. Àmọ́ bí omi bá ti kúrò lójúlé wọn, ó mọ agbàlá tí omi náà ń wọ̀, ó mọ ẹni tó jókòó síbẹ̀. Èmi àgbà yìí, mi ò mọ ẹnì kan. Ní àdúgbò wa, kò sẹ́ni tó jẹ́ àna ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dà mí láàmú tí mo fi wọ sálúbàtà ní Sátidé tó kọjá, tí mo tẹ̀lé gọ́tà wa lọ sísàlẹ̀. Ó kọjá lẹ́yìn ilé ìjọsìn kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan, ó sì dà sí iwájú ilé kékeré kan tí wọ́n to búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nítorí omi. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ilé o, Màmá. Òkè lọ́hùn-ún ni mo ń gbé."

Ó wò mí láti orí délẹ̀. "Ṣé ọ̀dọ̀ yín ni ọmọ tó ń lo pámpásì alámì ológbò yẹn wà?"

Mo ní, "Rárá o, Màmá. Ilé kejì sí tiwa ni."

"Ọmọ náà ti ń dàgbà," ó ní. "Ó ti ń lo èyí tó tóbi." Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fọwọ́ nu bẹ́ńṣì fún mi. "Jókòó, ọmọ mi. Mo ti mọ gbogbo yín tipẹ́. Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ mí."